Omi Tútù Tí Bàlíkísù Gbé Jáde

"Bí kì í bá ṣe ìwọ lò ń ta iná àdúgbò, yọ kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ yẹn kí o fi búra!"

Jẹ́láàní ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ àgbà, Fáyẹ́misí, láàárín àgbàlá, lójú gbogbo ará ilé. Ẹ sì wò ó o, kò sẹ́ni tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà tó ọkùnrin tó ń pariwo yìí.

Fáyẹ́misí búra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti búra lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé àdúgbò wọn ní Ìfàngni. Iná tí wọ́n bá rí gbà lára oòrùn ń wọnú bátìrì ńlá tó wà ní yàrá kan lẹ́yìn ilé Jẹ́láàní, kí gbogbo ilé lè rí i lò bí ilẹ̀ bá ṣú. Àwọn obìnrin àdúgbò ló yan Fáyẹ́misí kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè rìn jìnnà mọ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Banigbé, kò lè sùn tì í lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ yẹn so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ìdí èèkàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí iná ń kú kí èèyàn tó jẹun alẹ́ tán. Bàlíkísù, ìyàwó kékeré, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ létí kànga pé ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló mọ ibi tí iná ń gbà lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ràn bí iná inú ọyẹ́. Bí Fáyẹ́misí bá sá lọ, wọ́n á ní ẹ̀bi ló lé e. Bó bá dúró, èébú ni yóò máa jẹ. Ọkọ tí ì bá gbà á sílẹ̀ ló tún ní bí kò bá jẹ́wọ́ títí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kó kó ẹrù rẹ̀, kó fi ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló dùn ún wọ egungun.

Jímọ̀ọ̀ pé. Bàbá Ṣàngóyẹmí, olórí ìgbìmọ̀ iná, dé lọ́sàn-án pẹ̀lú Élodie, obìnrin tó ń tún bátìrì ṣe láti Àjàṣẹ́. Élodie ti pa iná gbogbo ilé láti ọjọ́ mẹ́rin kí bátìrì lè sinmi. Síbẹ̀, iná inú rẹ̀ ń dínkù sí i ni.

A kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ kí a má kọ́kọ́ fún un lómi. Iṣẹ́ ìyáálé ni, Fáyẹ́misí sì ti ń lọ sídìí ìkòkò, àfi bí Bàlíkísù ṣe sáré gba iwájú rẹ̀. Ó fẹ́ kí àwọn àgbà rí èyí tó mọ̀wà hù nínú àwọn méjèèjì. Ṣekárími kò dáa o! Korobá omi ló gbé jáde, ìṣù yìnyín kan léfòó nínú rẹ̀.

Bàbá fi ife bù ú mu, ó mí kanlẹ̀, ó wá béèrè ibi tó ti rí omi dídì. Bàlíkísù ní ọjà Igolo lòun ti rà á láàárọ̀.

Fáyẹ́misí ti kúnlẹ̀ láti gba ife lọ́wọ́ àgbà nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí yìnyín náà. Ẹja kan yọ lára rẹ̀ kedere, ẹja tí kò nírù. Abọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ tó ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni! Alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú Tchaada ló lu ẹja sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àyè kò sì gba ìrù.

"Bàbá, ẹ wo ẹja yìí," ó ní. "Inú abọ́ mi lomi yìí ti dì. Abọ́ mi kò dé Igolo rí."

"Donc, á jẹ́ pé kọ̀ngẹ́látọ̀ tó ń sọ omi di yìnyín ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí," ni Élodie wí. "Maman, ẹ ṣílẹ̀kùn bátìrì fún mi."

Wáyà dúdú kan fara pamọ́ sẹ́yìn bátìrì, ó la ògiri já. Wọ́n tọ̀ ọ́ dé yàrá Bàlíkísù. Lábẹ́ òkìtì aṣọ ni ẹ̀rọ amómidì náà wà, ó ń kùn, ó kún fún yìnyín tí wọ́n ń tà ní Igolo. Abọ́ Fáyẹ́misí wà nínú rẹ̀.

Bàlíkísù wólẹ̀ níwájú ìyáálé rẹ̀. "Èmi nìkan kọ́! Ọkọ wa ló tẹ kọ́kọ́rọ́ yín mọ́ ọṣẹ nígbà tí ẹ sùn, tó fi rọ òmíràn. Òun ló ní kí n da ẹ̀bi náà lé yín lórí."

"Jẹ́láàní," ni Bàbá Ṣàngóyẹmí wí, "ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ó yá, yọ kọ́kọ́rọ́ tìrẹ náà, kí o fi búra."

Jẹ́láàní fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ lápò, ó jù ú sílẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde sínú oòrùn, yìnyín sì yọ́ lójú gbogbo àwọn tó ti bú Fáyẹ́misí. Ìgbìmọ̀ ní kò tún ní sí iná ní yàrá Jẹ́láàní àti ti Bàlíkísù títí ọdún yóò fi yí po. Wọ́n wá ń bẹ Fáyẹ́misí pé kó má bínú, kó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi lé Élodie lọ́wọ́. Ojú okùn hàn lọ́rùn rẹ̀ bí àpá.

Ó di ẹrù, ó kó Fadel àkọ́bí rẹ̀ àti àwọn ọmọ méjì yòókù, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Jẹ́láàní dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bu omi tútù sínú abọ́ ẹlẹ́ja náà, ó ní, "Ìyá Fadel, jọ̀ọ́, mu omi kí o tó lọ."

Fáyẹ́misí gba abọ́. Ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, ó fi abọ́ sínú ẹrù rẹ̀, ó sì ní kí ọlọ́kadà máa gbé àwọn lọ sí Banigbé.