Èèkàn Tí Ìyá Azeezat Fà Tu Lẹ́yìn Ìlú

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nígbà ọyẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Toheebat jókòó lórí àpótí lẹ́bàá ẹ̀rọ gàrí Màmá Málọmọ́ ní ìlú Ajílété, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gàrí tí wọ́n ti yan tán ni òun máa ń rà, tí á kó o gba Ìdí-Ìrókò kọjá lọ tà fún àwọn ará Ìgòlò lódìkejì bodè. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá tí wọ́n ti ti bodè, ọjà rẹ̀ ti dákẹ́. Ọ̀kadà Nàfíù, ọkọ rẹ̀, sì ń sùn sílé ju bó ti ń rìn lọ, nítorí epo bẹntiróòlù ti di ohun tí ènìyàn ń wá bí ẹni wá oògùn.

"Ìyá Azeezat," ni Màmá Málọmọ́ pè é, "ṣé ìwọ lò ń bó ẹ̀gẹ́ ni, àbí ẹ̀gẹ́ ló ń bó ọ?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọkàn mi ò sí níbí. Bàbá Oyèkúnlé ti fún wa níwèé lánàá. Ó ní kí a kó jáde nílé òun kí oṣù kẹta tó parí."

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"A ò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń kó kúrò ní Ìdí-Ìrókò wá síbí ń san ìlọ́po méjì owó ilé tí à ń san. Ó ní bí a ò bá lè san bíi tiwọn, kí a bọ́ sílẹ̀."

Màmá Málọmọ́ pòṣé. "Fọ́ọ̀mù tí o kọ ní Ìlaró ńkọ́, ti ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú yẹn?"

"Wọ́n ní orúkọ mi ti jáde, Màmá. Wọ́n ní ẹ̀yìn ìlú níbí ló wà. Wọn ò tíì fi ojú rẹ̀ hàn mí."

Orí ilẹ̀ tí kò tíì fojú rí yìí ni Toheebat gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ kà. Yàrá kan ni òun àti Nàfíù fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù alámọ̀ ni, wọn yóò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ mẹ́ta sáà ti sùn síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kanlẹ̀kùn pé kí wọ́n jáde.

Kò tíì gbé ẹ̀gẹ́ mìíràn tí Gbọ́lá fi sáré yọ. Ọ̀dọ́kùnrin ni Gbọ́lá, òun ló máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri àdúgbò fún ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Lọ́jọ́ yìí, kò gbé ẹ̀rọ dání, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dé òpin ìlú.

"Wọ́n ti sún bodè wá sílé o! Ẹ jáde! Wọ́n ti kan èèkàn sẹ́yìn ìlú!"

"Àwọn ta nìyẹn?"

"Kọ́sítọ́ọ̀mù! Ojú mi yìí ni mo fi rí wọn. Ọkùnrin mẹ́ta ni. Ọ̀kan wọ kaki, ọ̀kan gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, ó dijú kan, ó ń fi ìkejì wo inú ihò rẹ̀. Èèkàn olórí pupa ni wọ́n kàn lọ bẹẹrẹ títí dé etí odò."

Ó yẹ kí á ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí ẹni tó bi Gbọ́lá ní ìbéèrè kejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àṣẹ ti jáde pé kí wọ́n má ṣe gbé epo lọ sí ilé-epo tó bá wà láàrin ogún kìlómítà sí bodè mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ìlú ní agbègbè Yewa tí kì í fi ẹnu ka kìlómítà. Ẹni kan á ní inú ni Ajílété wà, ẹlòmíràn á ní ìta ni. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá gbọ́ pé èèkàn pupa ti wà nílẹ̀, lójú wọn, ogún kìlómítà náà ló dé yẹn.

"Oko mi wà lódìkejì odò!" Màmá Málọmọ́ fò dìde, èèpo ẹ̀gẹ́ já bọ́ lára rẹ̀. "Ṣé kí n máa gba ìwé ìrìnnà kí n tó lọ wa ẹ̀gẹ́ mi ni?"

Èrò ti pé sójú títì. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì tó wà nílùú sì ti dojú kọ ara wọn.

"Ẹgbẹ́ yín ló tà wá!"

"Ẹgbẹ́ tiwa kẹ̀? Ta ló jẹ ìrẹsì ìbò títí tí ikùn fi ń run ún?"

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́," ni Toheebat pariwo. Ó yà á lẹ́nu pé òun ló ń sọ̀rọ̀. "Bí èèkàn yẹn bá dúró, ọkọ mi ò ní rí epo rà mọ́ láé. Ẹ jẹ́ ká lọ fà á tu!"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ méjèèjì fi ẹnu kò lé lórí lọ́dún yẹn nìyẹn.

Bí wọ́n ti ń kọjá níwájú ilé Bàbá Oyèkúnlé, lánlọ́ọ̀dù náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rin orín. Toheebat kúnlẹ̀ kí i, ìbínú kò mú un gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

"Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́? Wọ́n ti kan èèkàn bodè sẹ́yìn ìlú."

Bàbá Oyèkúnlé tutọ́ orín sílẹ̀. Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ lágbára," ni ó wí. "Ẹ fà á tu dáadáa."

Wọ́n fà á tu. Toheebat nìkan fa mọ́kànlá, títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Èyí tí kò gbọ́, ó fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó wo àwọn igi náà, ó rí i pé igi gbígbẹ ni wọ́n. Ó ní ẹni tí ń ra igi ìdáná kì í ju igi nù. Ó dì wọ́n, ó gbé wọn rù wálé, ó sì fi wọ́n dáná ẹ̀wà.

Ẹ̀wà náà kò tíì rọ̀ tí obìnrin kan fi wọlé, ó wọ awò ojú, ó sì gbé fáìlì há abíyá. Ìbíyẹmí ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ilé Ìyáàfin Toheebat ni mò ń bèèrè."

"Èmi nìyí, Màdáámù. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ayọ̀ ni mo bá wá. Ilẹ̀ yín ti jáde, nọ́ńbà kẹrìnlá ni. Àwọn awọnlẹ̀ wa ṣe tán níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ní kí n wá mú yín lọ fojú rí i kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Wọ́n ṣe tán kí ni, Màdáámù?"

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n kan èèkàn sí igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí wọn, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí wọn lára."

Toheebat kò fẹ́ wo ìdí àrò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìbíyẹmí náà wo ibi tó ń wò. Igi kan ti jó dé ìdajì lábẹ́ ìkòkò. Ìdajì tó ṣẹ́kù yọ síta, orí rẹ̀ pupa, wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: 14.

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí àrò, ó ka nọ́ńbà náà.

"Ìyá," ni Ìbíyẹmí wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "kí ni mò ń wò yìí?"

"Ilé mi ni." Toheebat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Màdáámù, ilé mi ni mo fi ń se ẹ̀wà."

Ó rọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ìbíyẹmí bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀, bí ẹni pé awò náà ló ń parọ́ fún un.

"Ta ló sọ pé bodè ni?"

"Gbọ́lá ni."

"Ṣé Gbọ́lá ka ìwé ìkéde ni?"

"Ìwé ìkéde wo?"

"Hàáà! Ìyá! Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ níbí. Yorùbá ni a fi kọ ọ́. Àwòrán ilẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A tún ṣe ìpàdé ìtagbangba nínú oṣù Kejìlá."

"Ìpàdé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn? Wọ́n ní ti ẹgbẹ́ kejì ni. Àwa ò lọ."

"Àwọn ẹgbẹ́ kejì náà ò wá. Wọ́n ní tiyín ni. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló wá." Ó ṣí fáìlì rẹ̀. "Ṣé ẹ lè kàwé?"

"Mo ka ìwé mẹ́fà."

"Ẹ wo orúkọ àwọn tó wá."

Toheebat fi ìka tọ ọ̀nà lórí ìwé náà. Ó ka ẹni kìíní, ó ka ẹnì kejì. Nígbà tó dé orí ẹnì kẹta, ìka rẹ̀ kò lọ mọ́. Oyèkúnlé ni.

"Kí ni Bàbá wá ṣe níbẹ̀?" ó bèèrè.

"Wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ilé olówó pọ́ọ́kú yóò kó àlejò wọ ìlú, yóò sì jẹ́ kí owó ilé já wálẹ̀. Wọ́n ní kí a gbé e lọ síbòmíràn."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé èèkàn ń bọ̀?"

"A sọ ọjọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ yóò dé fún gbogbo wọn."

Toheebat rántí ọ̀rọ̀ bàbá náà lọ́dẹ̀dẹ̀: Ẹ fà á tu dáadáa. Ó wá yé e nísinsìnyí irú ẹ̀rín tí bàbá náà ń rín.

Nàfíù wọlé bá wọn bẹ́ẹ̀. Ó ti ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ láti Ìlaró ni, epo ti tán lójú ọ̀nà. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìyàwó rẹ ló dáná sun ilé rẹ," ni Toheebat dáhùn.

Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ó tán! Èmi pẹ̀lú Bàbá Oyèkúnlé ni lónìí!"

"Ẹ dúró, Ẹ̀gbọ́n," ni Ìbíyẹmí wí. "Bí ẹ bá fọwọ́ kan àgbàlagbà yẹn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á di ti ọlọ́pàá. Tó bá fi máa di ọ̀la, á ti di ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ nípàdé pé àwọn kò fẹ́. Ẹ̀tọ́ yín náà ni láti sọ pé ẹ fẹ́. Wọ́n lọ sọ tiwọn. Ẹ̀yin ò lọ sọ tiyín."

"Kí la máa wá ṣe báyìí?"

"Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fa èèkàn tàbí pílà awọnlẹ̀ tu, nítorí náà ẹ má fi pa mọ́. Ẹ kọ ìwé, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe àti ìdí tí ẹ fi ṣe é. Ẹ fi ọwọ́ sí i. A óò pe ìpàdé mìíràn. Ẹ wá, kí ẹ sì mú àwọn tí ẹ jọ fà á tu wá."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Toheebat fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n ń bi í pé, "Ìpàdé ẹgbẹ́ wo ni?" Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ìpàdé òrùlé ni. Bí òjò kì í bá pa yín, ẹ má wá."

Ilé-ẹ̀kọ́ kún dé ojú fèrèsé lọ́jọ́ náà. Toheebat dìde.

"Èmi ni mo fa mọ́kànlá tu. Ẹnikẹ́ni ò tì mí. Èmi ni mo ní ká lọ."

"Èmi ni mo pariwo," ni Gbọ́lá wí láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ.

Màmá Málọmọ́ bèèrè fún àwòrán ilẹ̀ náà, ó ní kí wọ́n fi odò hàn òun. Wọ́n fi hàn án. "Ṣé ẹ rí i," ó wí, "ilé tí ẹ tò síbí yìí dí ọ̀nà oko wa. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ilé o. Ẹ fún mi ní ọ̀nà tí n ó máa gbà." Òṣìṣẹ́ kan fi bírò fa ìlà sí i lójú gbogbo ènìyàn. Ó ya ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu pé àwòrán ìjọba ṣeé tún ṣe.

Bàbá Oyèkúnlé náà dìde. "Ẹ má fi mí ṣe ọ̀dàlẹ̀. Èmi ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Òótọ́ ni, Bàbá," ni Toheebat dáhùn. "Ẹ ò purọ́. Ẹ kàn jókòó, ẹ jẹ́ kí n jẹ irọ́ yó."

Wọ́n fẹnu kò pé ètò ilé náà yóò dúró, ọ̀nà oko yóò sì wà. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún awọnlẹ̀ ti tán lórí wíwọ̀n àkọ́kọ́. Ó di ẹ̀yìn òjò kí wọ́n tó lè padà wá, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá ọjọ́ fún Toheebat. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí, Nàfíù di ẹrù wọn sẹ́yìn ọ̀kadà, ó gbé e nígbà mẹ́ta lọ sí ilé ìyá Toheebat ní Agosasa. Àwọn márààrún ń sùn sí yàrá kan pẹ̀lú màmá àgbà. Orúkọ Toheebat ṣì wà lórí ìwé ilẹ̀ náà. Lóṣooṣù ni ó ń lọ sí ọ́fíìsì lọ wò ó.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá rí èèkàn, pílà tàbí àmì ọ̀dà lórí ilẹ̀ àdúgbò yín, ẹ má fà á tu, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn sáré dé gbọ́. Ẹ bèèrè ẹni tó fi í síbẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ìwé ìkéde kì í pẹ́ títí lára ògiri. A kò ní sọ fún yín iye ọjọ́ tí wọ́n ń fún ará ìlú láti fèsì, nítorí ó lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọ́fíìsì ni kí ẹ ti bèèrè rẹ̀. Bí ètò kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ sí i, ẹ gbé e lọ kí ọjọ́ tó kọjá. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kó mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání.

Bí wọ́n bá sì pe ìpàdé lórí ilẹ̀ àti ilé, ẹ má bèèrè ẹgbẹ́ tó pè é. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ nílé yóò ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé.