Tọ́jú Ilé Dè Mí

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò sí ìjà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó jọ gun òkè náà ṣì wà láàyè, ilé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jù nínú wọn kò sì jìnnà sí etí omi Ìpakodò. N kò fi iyọ̀ sí i. Bí mo bá tilẹ̀ fẹ́ fi iyọ̀ sí i, n kò mọ ibi tí mo máa fi í sí.

Ṣùkúrátù lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Àbújá fún ọdún pípẹ́, ó fi Mobọ́lájí, ọmọbìnrin rẹ̀, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Nígbà tó padà wálé, "Àǹtí" ni ọmọ ń pè é. Kò bá a jà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni wọ́n nínú ilé náà, tí kò sí ẹni tó fẹ́ rí ẹlẹ́dẹ̀ lójú. Nígbà tó yá, "Àǹtí" di "Mọ́mì". Láti ìgbà náà, bí géètì bá ti dún nírọ̀lẹ́, ọmọ á sáré jáde, á ní, "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì," á sì gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí Ṣùkúrátù fẹ́ràn láyé ju ìkíni yẹn lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé e kúrò nílé ní Sátidé. Òkè gígun ni. Òun àti ọ̀rẹ́ méjì ló ń ṣe é. Bámgbóṣé ni ẹ̀gbọ́n wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló sì ní mọ́tò. Caroline ni èkejì, ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé Ìbèṣè, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wọ́n ti pinnu pé kí ọyẹ́ ọdún náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn á ti gun òkè méje. Wọ́n gun Olúmọ. Wọ́n gun Àdó-Àwáyè. Ní Ìdànrè, Caroline jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé òun, ṣùgbọ́n ó dé òkè. Nígbà tó ku ẹyọ kan, epo mọ́tò ti wọ́n ju ohun tí apá wọn ká lọ. Bámgbóṣé ní òkè kan wà lẹ́yìn Èjìnrìn, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, tí kò ní jẹ epo.

"Ṣé òkè ni àbí ebè?" Caroline bi í.

"Òkè ni. Àwọn ará ibẹ̀ kò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Òkè náà ni wọ́n ń pè é."

"Ebè ni, Bùrọ̀dá."

Ṣùkúrátù ṣèlérí fún Mobọ́lájí kó tó jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èyí ló kẹ́yìn. Láti Sátidé tó ń bọ̀, òun kò lọ síbì kankan mọ́.

Ọyẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti Ìtòìkín ni Bámgbóṣé ti tan iná mọ́tò, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti yọ. Nísàlẹ̀ òkè, ìyá kan ń yan ẹja lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n kí i, wọ́n ní kó bá àwọn fojú sí mọ́tò.

"Òkè lẹ ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ kú ìrìn."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé ó kìlọ̀ fún wọn tí wọn kò gbọ́. Kò kìlọ̀.

Òkè náà rọrùn. Nísàlẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ gàrí àti ariwo àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dákẹ́ ni. Ẹyẹ kan kò ké. Ewé gbígbẹ ni wọ́n ń tẹ̀, ewé náà kò ró. Caroline pàápàá pa ẹnu mọ́, Ṣùkúrátù sì rò pé àárẹ̀ ló mú un.

Lókè, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, igi kan wà láàárín rẹ̀. Abẹ́ igi náà mọ́. Ẹnìkan ti gbá a.

Bámgbóṣé bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó parí," ó wí. "Ẹ kú oríire." Ẹkún ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Ṣùkúrátù. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan púpọ̀ láyé rẹ̀, èyí ni àkọ́kọ́ tó parí. Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ búrẹ́dì. Caroline na ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi gèlè bo ojú nítorí eruku. Bámgbóṣé gbé fóònù lọ sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n gbà gòkè, ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ṣùkúrátù wá gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí kò sí ọ̀nà.

Bàbá àgbàlagbà kan ló yọ. Eruku ti bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbé ẹrù kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ dì sí èjìká. Kò bani lẹ́rù. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, bó ṣe ń rẹ ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Nígbà tó dé etí ibi tí wọ́n gbá, ó dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," ó wí.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó ń wọlé bọ̀ ló ń kí ẹni tó bá nílé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sì kí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dúró ronú.

"Ẹ káàbọ̀, sà," Ṣùkúrátù dáhùn. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn." Ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu omi fún un.

Bàbá mu omi náà tán. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"O káre," ó wí. "Ó pẹ́ tí wọ́n ti kí mi bẹ́ẹ̀."

Ó tún wọ bàtà rẹ̀. "Mo ń lọ. Tọ́jú ilé dè mí."

"Ẹ tètè dé, sà."

Ọ̀nà tí àwọn mẹ́ta gbà gòkè ni bàbá gbà sọ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ ti gbé e mì ni Ṣùkúrátù rántí ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè é. Kò dáhùn. Ó tú aṣọ náà wò. Ọwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọwọ̀ tí wọ́n ti fi gbálẹ̀ títí ó fi kúrú. Ó gbé e sídìí igi.

Caroline ká gèlè kúrò lójú. "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, Àǹtí Ṣùkúrà?"

"Bàbá kan. Ó kí wa kú ilé."

"Ilé ta?"

Bámgbóṣé dé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí látìgbà náà. Kò rí ẹnikẹ́ni tó kọjá.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀, ọkàn Ṣùkúrátù kò bá a sọ̀. Ó dà bí ẹni tó gbé ìkòkò kaná tó sì jáde. Ó ń bojú wẹ̀yìn ṣáá. Nísàlẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja gbójú sókè.

"Ẹ kú àbọ̀," ó kí Bámgbóṣé àti Caroline. "Ẹ kú òkè." Ó wá kọjú sí Ṣùkúrátù. "Ìwọ náà ṣeun tó o sìn wọ́n sọ́nà. Má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó o tó padà."

"Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wá, mà," Bámgbóṣé wí.

Ìyá náà ń yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná.

Nílé, géètì dún. Kò sí ẹni tó sáré jáde. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Sìlífátù, ń ṣa ẹ̀wà lójúde, Mobọ́lájí jókòó tì í.

"Ẹ kú ilé o," Ṣùkúrátù wí.

Àwọn méjèèjì gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i.

"Háà, Ṣùkúrátù. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ wá jókòó."

Ìyá tó bí i ló ń pè é ní "ẹ". Mobọ́lájí dìde, ó nu àga. Ó bu omi sínú ife gíláàsì tí wọn kì í gbé jáde àfi fún àlejò, ó gbé e sórí tíréè, ó kúnlẹ̀.

"Mobọ́lájí, èmi ni."

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe? Èmi ni."

"Ṣé ẹni tí mo fi inú mi bí ni n kò ní mọ̀?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ilé ńkọ́?"

Ẹnu Ṣùkúrátù kò dúró ronú. "Wọ́n wà dáadáa, mà." Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó bà á.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá rẹ̀ ní kó má lọ mọ́, pé ọ̀nà kò dára. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní pálọ̀. Aṣọ rẹ̀ wà nínú yàrá rẹ̀, kò sí ẹni tó kó o kúrò. Láàárọ̀, wọ́n gbé oúnjẹ tó dára síwájú rẹ̀, wọ́n bi í bóyá ó sùn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn ló mú un burú. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ Mobọ́lájí pé kó ṣáà kí òun káàbọ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Ojú ọmọ rẹ̀wẹ̀sì. "Ṣùgbọ́n ẹ kàn wá kí wa ni, Mọ́mì," ó wí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bámgbóṣé àti Caroline tún gbé e lọ sí Èjìnrìn. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí bàbá náà bá dé, òun á tètè kí i kú ilé kó tó ya ẹnu, kí ilé náà lè padà sọ́rùn bàbá. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ewé ti já bọ́ sábẹ́ igi. Caroline ń sọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, nígbà tó wẹ̀yìn, Ṣùkúrátù ti gbá ìdajì ilẹ̀ náà. Caroline di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó já ọwọ̀ náà gbà. Ṣùkúrátù kò rántí ìgbà tó mú un.

Wọ́n sọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi ìyá ẹlẹ́ja ní nǹkan kan.

"Ó máa ń pẹ́," ìyá náà wí.

Ọyẹ́ ti lọ báyìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun Màgàríbì, ìyá rẹ̀ á ní kí Mobọ́lájí sin àlejò sọ́nà. Ọmọ á di ọwọ́ rẹ̀ mú dé géètì. Ṣùkúrátù á sọ fún un pé, "Ibí ni ilé mi, Mobọ́lájí." Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ṣùkúrátù á rìn dé oríta, á dúró níbẹ̀, á padà wá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á sì tẹ́ ẹní fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dé ẹnu géètì, ọmọ kò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ilé yín tóbi?"

Ṣùkúrátù fọwọ́ pa á lórí.

"Ìyá Àgbà ní bí a bá ti gba họ́lídè, mo lè tẹ̀ lé yín lọ. Mo fẹ́ wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ yín. Mo lè máa bá yín gbálẹ̀."

Ṣùkúrátù wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó rántí ewé tí kò ró lábẹ́ ẹsẹ̀.

"Rárá," ó wí. "Ilé mi jìnnà. Ọmọdé kì í wá síbẹ̀."

Ó dun ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ó kúnlẹ̀.

"Ó dàbọ̀, mà. Ẹ bá mi kí wọn nílé."

"Wọ́n á gbọ́," Ṣùkúrátù dáhùn.

Mobọ́lájí ti géètì, ó sì fi irin há a.