Ipin Lójú Kọ̀ǹpútà

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, orí rẹ̀ pé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi í léèrè. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ má wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń ka ìwé kẹ́yìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí ń ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ bí adìẹ ṣe ń ṣa kòkòrò. Àmì ohùn kan ṣoṣo kò lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá rẹ̀ fún un lọ.

Ṣùgbọ́n ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Bó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, kò ní pẹ́ tí lẹ́tà á fi máa sá káàkiri bí èèrà tí wọ́n da omi sí nílé. Ojú á máa ta á, ẹ̀yìn orí á máa lù kìkì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan ṣe jáde pẹ̀lú àṣìṣe gbàgàdà lójú ewé àkọ́kọ́. Ọ̀gá wọn ránṣẹ́ pè é. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá yìí, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọni lára.

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá ti rẹ̀ yín, ẹ sọ. Ẹ lè máa jókòó níwájú, kí ẹ máa gba àlejò."

"Kò rẹ̀ mí o, ọ̀gá."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Kí òun Ojú Àwòdì wá jókòó níwájú, kó máa da eyín sílẹ̀ fún àlejò! Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, ó padà sí yàrá rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe Oníwáyà.

Oníwáyà ni gbogbo wọn ń pe ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀. Ó dé, ó fa àga, ó wojú kọ̀ǹpútà, ó pòṣé.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ń fìyà jẹ ara yín. Ẹ wo bó ṣe ń tàn bí iná mọ́tò. Ẹ tún wá gbé e dojú kọ fèrèsé!"

Ó yí i kúrò lójú fèrèsé. Ó tì í sẹ́yìn títí ó fi jìnnà tó apá téèyàn nà. Ó dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀ díẹ̀. Ó sọ lẹ́tà di ńlá, ó fi máòsì fa àwọn ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó sì pa funfun báláú tó wà lẹ́yìn wọn dà di àwọ̀ ìwé tó ti gbó.

"Ẹ kà á wò."

Ó kà á. Ó sàn díẹ̀.

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ńkọ́?" Obìnrin náà ló béèrè. Lábẹ́ gbogbo ìlà tí Oníwáyà ń fà sọ́tùn-ún sósì, ìlà kan ṣì kù. Wọn ò kọ nǹkan kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Oníwáyà na ọrùn. "N ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọn kì í sọ pé kéèyàn má fọwọ́ kan nǹkan kí ọwọ́ má yún un. Oníwáyà ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí obìnrin yìí fi fa ìlà náà. Ó fà á díẹ̀ báyìí.

Ara tù ú wọ̀ọ̀. Ó dà bíi pé wọ́n bu omi tútù sí i lójú. Gbogbo lẹ́tà dúró jẹ́ẹ́, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé tó rí pàṣán. Ó kàwé títí òòrùn fi wọ̀. Orí ò fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó fà á sí i. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún fà á. Bó ṣe ń fà á ni ojú rẹ̀ ń mú sí i. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti padà sípò yín o!" Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ ìwé gbígbó yẹn ń yí padà. Ó ń pọ́n. Nígbà tó yá, ó dà bí inú ìpéǹpéjú tí wọ́n yí síta. Ó ń dán, ó tutù, iṣan tín-ín-rín tàn káàkiri inú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni lẹ́tà wà. Òórùn kan sì ń ti ibẹ̀ wá, òórùn omi tí wọ́n fi ṣan ẹja tí wọ́n wá gbàgbé sínú abọ́. Ó ń fọwọ́ dí imú, ó sì ń kàwé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé yàrá. Kò sí ìró kankan àfi omi tó ń kán lára fèrèsé. Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Ó rí nǹkan ní igun rẹ̀ méjèèjì.

Ó rò pé gọ́ọ̀mù ni. Ó fa áńkáṣífù yọ, ó fi nù ún.

Kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ipin ni. Ipin gidi, èyí tó máa ń dì sí igun ojú ọmọ tó ń ṣòjòjò. Ó ki, àwọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ti ewé, ó fà yọ̀ọ̀ tẹ̀ lé áńkáṣífù náà, kò já. Abẹ́ rẹ̀ rọ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọwọ́ obìnrin náà ṣe tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan yí nísàlẹ̀, bí ẹyinjú ṣe ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú ẹni tó ń sùn.

Ó bì sínú garawa ìdalẹ̀sí. Ó bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú rẹ̀.

Orí ìyẹn ni Bàbá Ayàwòrán bá a. Àgbàlagbà ni, òun ló ń ya èèpo ìwé, yàrá kan náà làwọn méjèèjì ń lò.

"Kí ló dé?"

"Ẹ wo kọ̀ǹpútà mi."

"Mo wò ó."

"Kí lẹ rí?"

"Kọ̀ǹpútà."

"Ẹ ò gbóòórùn?"

"Òórùn èébì rẹ ni mò ń gbọ́."

Ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rí áńkáṣífù. Ó fi ìka méjì gbé etí rẹ̀ sókè. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ipin rèé. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin o. Lọ rí dókítà ojú."

"Kì í ṣe tèmi, Bàbá."

"Ta ló ni ín?"

Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Bàbá Ayàwòrán ju áńkáṣífù náà sílẹ̀. Ó ń fọwọ́ nu ṣòkòtò rẹ̀, ó ń nù ún, kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti yí tábìlì rẹ̀ padà, ó kẹ́yìn sí obìnrin náà, ó dojú kọ ògiri.

Ojú Àwòdì mú máòsì, ó fa ìlà náà padà síbi tó bá a. Kò tíì fi í sílẹ̀ tí ojú tirẹ̀ méjèèjì fi kún. Ohun kan tó gbóná ń dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò ríran. Ó ń táràrà lórí tábìlì títí ọwọ́ rẹ̀ fi tún ba máòsì, ó sì fi ti ìlà náà padà síbi tó fà á dé tẹ́lẹ̀. Ojú là.

Láti ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó dé láàárọ̀, ó ti nu ojú kọ̀ǹpútà. Láti igun ti inú lọ sí ti ìta, bí ìyá ṣe ń nu ọmọ. Á payín keke, á di èémí mú. Kò tún fi ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń nù ún jẹun mọ́. Síbẹ̀, àṣìṣe kan ò bọ́ mọ́ ọn lójú.

Ìgbà tó bá irun nínú ipin náà ló tó pe Oníwáyà. Irun kúkúrú ni, ó ká bí irun ìpéǹpéjú.

Oníwáyà wá gbogbo ibẹ̀. "Ìlà wo, Àǹtí mi?"

"Èyí tó o ní kí n má fọwọ́ kàn."

"Èmi? N ò rí ìlà kankan níbẹ̀ rí."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

Ó bá a pààrọ̀ rẹ̀. Ó gbé ti àtijọ́ lọ sí sítọ̀ọ̀, ó tì í pa. Òun nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Tuntun tó gbé wá mọ́ tónítóní, kò rùn, lẹ́tà rẹ̀ dúró. Obìnrin náà sùn dáadáa lọ́jọ́ náà, ó tún fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ojú rẹ̀ kò ṣí.

Wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ pinpin. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, ó bá èépá líle. Ó gbóòórùn ẹja. Ó kígbe pe ọkọ rẹ̀.

"Má fọwọ́ ya á," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí n gbé omi gbígbóná wá."

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìdáná. Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, aṣọ tútù kan bà lé ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó rọra nù ún. Láti igun ti inú lọ sí ti ìta. Ó ṣe ojú ọ̀tún, ó ṣe ti òsì. Kò dùn ún rárá.

"Ẹ ṣé, Bàbá Ọmọ."

"Kí ni mo ṣe?"

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn náà ti wá. Obìnrin náà la ojú. Ọkọ rẹ̀ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, èéfín ń rú lórí rẹ̀. "Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná ni."

Ó gba omi, ó fi bọ́jú, ó fi ọṣẹ bó o títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ló pe Oníwáyà lórí fóònù.

"Bá mi wo sítọ̀ọ̀."

Ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn.

"Ó wà níbí, Àǹtí mi. Ojú rẹ̀ gbẹ. Eruku díẹ̀ ti bà lé e."

"Kò sí nǹkan míì?"

"Aṣọ pélébé kan wà níwájú rẹ̀. Ó tutù rinrin. Ṣé ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀ ni?"

Ó pa fóònù.

Lónìí, ojú obìnrin náà mú débi pé ó ń ka ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà nídìí ìgò oògùn láìlo awò. Ọkọ rẹ̀ ń sọ fún àwọn ará ilé pé ojú ìyàwó òun ti padà di ti ọmọge. Òun kì í bá wọn dá sí i. Láràárọ̀, kó tó la ojú, á sùn jẹ́ẹ́, á fún etí ibùsùn mọ́wọ́, á di èémí mú. Aṣọ náà á dé. Kì í kánjú. Bó bá ti nu ojú kejì tán, á dúró díẹ̀ lókè ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ti mọ́.