Abo Màlúù Tí A Kò Pa

Màlúù bàbá mi ló jẹ ẹ̀gẹ́ tí mo sá sórí àpáta lẹ́yìn ìlú Òsì. Bí mo ṣe gbé igi pé kí n là á mọ́ ọn lẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré dé tòun ti okùn lọ́wọ́. Ó ní kí n na òun dípò ẹran. Mo wò ó, mo sì nà án.

Japhet ni, ọmọ ìlú Kòrò. Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san nígbà yẹn, ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná fi ra abo màlúù yẹn fún Bàbá, Bàbá sì fi í fún Japhet sìn. Àdéhùn ọ̀sìn kò le lọ́dọ̀ wa: ọmọ tí ẹran bá kọ́kọ́ bí, ti ẹni tó ni ín ni, èyí tó bá tẹ̀lé e, ti ẹni tó ń sìn ín. Àwọn èèyàn ń fi Japhet ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ Kírísítẹ́nì wo ló ń da màlúù bíi Fúlàní.

Kò pẹ́ tó fi wá tù mí lójú nítorí ẹ̀gẹ́ mi. Agbọ̀n ìgbẹ́ màlúù ló rù wá. Inú bí mi gidi. Ta ló ń fi ìgbẹ́ bẹ obìnrin? Ó ní kí n ṣáà dà á sídìí àgbàdo mi. Àgbàdo ọdún yẹn, àwọn tó ń lọ sí Ìlọ́fà ń dúró wò ó lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo fi máa ya á tán, mo ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, mi ò sì fi pamọ́ fún un.

Abo Bàbá bí akọ. Bàbá tà á nígbà tó dàgbà, ó fi owó rẹ̀ kan páànù sílé. Lẹ́yìn náà màlúù náà bí abo, ìyẹn bọ́ sọ́wọ́ Japhet, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la sì jọ ń já ewé fún un. Nígbà tí abo yìí náà lóyún, Japhet rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi.

Bàbá Ìjọ ni bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ohun tí ayé máa wí sì ń dùn ún ju ebi lọ. Ó gba iṣu, ó gba oyin, ó ní ó ku ohun kan. Ẹni tó ń sin màlúù kò lè fi adìyẹ gbé ọmọ òun. Àfi kó pa màlúù. Gbogbo ilé mọ̀ pé abo olóyún yẹn nìkan ni Japhet ní láyé.

Japhet wá bá mi létí odò, ó ní òun máa pa á.

“Damaris mi, màlúù á tún wà. Ìwọ ni mi ò lè rí òmíràn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi dé inú egungun, mo sì kọ̀ ọ́.

“Olólùfẹ́, ọjọ́ kan ni wọ́n máa fi jẹ ẹ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́n á nu ẹnu nù, àwa á máa wo èèkàn. Ọmọ inú rẹ̀ ńkọ́? Wàrà rẹ̀ ńkọ́? Abo tó lóyún kì í ṣe ẹran ọbẹ̀, ilé ni.”

“Bàbá rẹ ò ní gbà.”

“Kí wọ́n má gbà. Ṣèbí èmi lo fẹ́ fẹ́.”

Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í kéde wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà ìkéde tó kẹ́yìn, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so wá pọ̀. Bàbá mi dìde. Ó ní ọkọ kò tíì ṣe ohun tó yẹ, kò tíì pa màlúù. Japhet tẹrí ba. Ó dùn mí gan-an bó ṣe tẹrí ba yẹn. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn akọrin, mo sọ̀rọ̀ kí gbogbo ìjọ lè gbọ́.

“Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kó má pa á. Akọ tí abo tiyín bí, ẹ ò pa á jẹ. Òun ló di páànù lórí ilé yín. Kí ló dé tó jẹ́ tiwa lẹ fẹ́ jẹ?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ìyá mi ni.

Àlùfáà ní àìpa màlúù kò sí lára ohun tó ń dí ìgbéyàwó lọ́wọ́ nínú Ìwé Àdúrà. Bàbá jókòó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò rọ̀. Ó lọ gba abo rẹ̀ lọ́wọ́ Japhet, ó fà á fún Hassan, Fúlàní tó ń gbé lọ́nà Ìlọ́fà, pé kó máa sìn ín.

A ṣe ìgbéyàwó. Iyán àti adìyẹ la fi ṣàlejò. Bàbá wá, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Àwọn kan ń pè é ní ìgbéyàwó aláìléran, mo ní kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, abo wa ń jẹko lẹ́yìn ilé, ọkọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Abo wa bí abo, abo yẹn náà bí. Mò ń fún wàrà, mò ń sè é tà lọ́jà Òsì. Ìgbẹ́ wọn ń bọ́ oko wa. Akọ nìkan la máa ń tà.

Ọ̀sán kan ni Bàbá yọ lọ́nà, ó ń fa abo rẹ̀ bọ̀. Hassan ti da agbo rẹ̀ lọ síbi tí koríko gbé wà. Bàbá jókòó, ó mu wàrà, ó ń fi ojú ka màlúù wa.

“Ọma mi,” ó ní, “ẹ bá mi sìn ín. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni: àkọ́bí, temi.”

Japhet ti fẹ́ sọ pé ó dáa. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo sì di okùn náà mú.

“Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, tiwa ni àkọ́bí.”

Ó wá yíjú sí ọkọ mi, ó béèrè bóyá bí mo ṣe máa ń ṣe sí i nínú ulé nìyí.

Japhet ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bàbá tú ọwọ́ lára okùn.