Ẹ̀dá Tí Kò Ní Pẹpẹ

Bí mo bá purọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ara mi ni mo tàn, kì í ṣe ẹ̀yin. Iṣẹ́ mi ni kí n wo nǹkan, kí n sì sọ ohun tí mo rí, kò lé, kò dín. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ni mí. Láti kékeré ni màmá mi ti ń pè mí ní Atọpinpin, nítorí n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kí n má béèrè ìdí rẹ̀.

Ní ilé ìwé wa, yàrá kan wà tí a ń kó òkú ẹranko sí. Inú ìgò ni wọ́n wà, nínú oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú rà. Ẹ̀yà-ẹ̀yà ni a tò wọ́n: kànrìnkàn inú òkun lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, ekòló lé e, ẹja ìràwọ̀ lé ìyẹn, àwọn tó ní egungun ẹ̀yìn sì wà lókè pátápátá. Ibẹ̀ máa ń dákẹ́. Ìró fáànù nìkan ni èèyàn ń gbọ́.

Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti rí ìgò náà lọ́jọ́ tí mo ń tún yàrá ṣe. Kò sí àkọlé lára rẹ̀. Ohun funfun kan ló wà nínú rẹ̀, bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò. Kò lórí, kò nírù, kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí mo ṣe máa ń fẹ́ràn ohun tí n kò mọ̀.

Mo gbé e lọ fún ọ̀gá mi. Alábẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n, torí wọn kì í rí nǹkan kí ọwọ́ wọn má lọ sí abẹ.

"Gbé e sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ ná," ni wọ́n wí. Wọ́n wo bí mo ṣe ń dé ìgò náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọńdinrín rẹ yìí ńkọ́? Pẹpẹ wo la ó gbé òun sí?"

Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi tẹ̀ wọnú bí ìwọ̀. Bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀, ọmọbìnrin mi náà sì ti jogún rẹ̀ lára mi.

"Òun ti nílé tirẹ̀, ọ̀gá," ni mo dáhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ihò wẹ́wẹ́ ti kún ara ẹ̀dá náà, bíi ti àwọn kànrìnkàn tó yí i ká. Alábẹ gé fọ́nrán kan lára rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n fi maikirosikóòpù wò ó.

"Sẹ́ẹ̀lì tó dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni," ni wọ́n wí. "Wọn ò para pọ̀ di ẹran ara kankan. Kànrìnkàn ni."

Ó dùn mí díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà tètè parí.

Kò pẹ́ tí kafíńtà fi wá tún pẹpẹ ìsàlẹ̀ ṣe, mo bá gbé ìgò náà sáàárín àwọn ekòló. Nígbà tí mo padà, ara rẹ̀ ti di òrùka-òrùka. Ó ti lórí. Ó ti nírù. Mo dúró síbẹ̀ títí. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja ìràwọ̀. Ó yọ apá márùn-ún. N kò lè ṣe kí n má wò.

Mo rántí fọ́nrán tí Alábẹ gé. Inú àpótí kan náà pẹ̀lú gíláàsì tí a tẹ́ ẹran ara ọ̀pọ̀lọ́ sí ni mo ti fi í sí tẹ́lẹ̀. Mo wò ó. Oríṣi ẹran ara mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé síbẹ̀: èyí tó bo ara, èyí tó so ara pọ̀, iṣan tí ara fi ń mira, àti èyí tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Bí mo ṣe ń wò ó, iṣan náà sún kì.

Mo sáré lọ bá Alábẹ, mo ro gbogbo ohun tí mo rí fún wọn.

"Òkú kì í dàgbà, kì í sì í pààrọ̀ ara," ni wọ́n wí. "Ẹnìkan ló ń pààrọ̀ ìgò mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ọ̀gá, ẹ̀dá kan náà ni."

"Ẹ̀yà wo ló jẹ́, nígbà náà?"

"N kò mọ̀."

"Bí o kò bá lè sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá là á sí méjì. Inú ló máa sọ òótọ́."

Àánú ẹ̀dá náà ṣe mí. Mo mọ Alábẹ, wọn kò ní lè dúró dọjọ́ Ajé. Mo fi aṣọ iṣẹ́ mi wé ìgò náà, mo gbé e lọ sílé. Orí pẹpẹ pálọ̀ ni mo gbé e sí, láàárín fọ́tò bàbá mi àti fọ́tò ọmọ mi. N kò ro nǹkan kan. Ibi tí ọwọ́ ọmọ kò ní tó ni mo ń wá.

"Kí lo tún gbé wálé, Atọpinpin?" ni màmá mi bi mí.

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

"Iṣẹ́ tó ń wo èèyàn?"

"Kò lójú, Màmá."

Màmá sún mọ́ pẹpẹ náà. Wọ́n ṣáà ń wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilé dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo bá Màmá níwájú pẹpẹ lórí àga. Wọ́n ti fi gèlè wọn bo ìgò náà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.

"Ta ló gbé ọmọ wa sínú ìgò?" ni wọ́n wí.

Mo ká gèlè náà kúrò. Ọwọ́ kékeré kan fara ti gíláàsì. Ọmọńdinrín rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ìfófò kan rọra gòkè láti ibi tí ẹnu yẹ kó wà.

Fóònù mi dún. Alábẹ ni.

"Ṣé o ti mọ ẹ̀yà rẹ̀? Mo ti pọ́n abẹ."

"Ìgò náà ti fọ́, ọ̀gá."

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"A ti sin ín."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n pa fóònù.

Ìgò náà kò fọ́. A kò sì gbé e kúrò lórí pẹpẹ yẹn, torí a kò mọ ohun tí yóò dà níbòmíràn. Mo ṣì máa ń jókòó tì í, mo ń bi í ní ìbéèrè tí n kò lè bi ẹlòmíràn. Ọmọ mi ti ga sí i. Alábẹ ló ní òkú kì í dàgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ìgò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.