Ohùn Rẹ Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ẹrù níwájú, ẹrù láàárín, ẹrù lẹ́yìn: bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù Hadassah. Lórí ẹrù ẹ̀yìn ló tẹ́ páánù sólà sí pẹrẹsẹ bí ẹni sá èlùbọ́. Eruku pupa ọ̀nà ti bo ojú rẹ̀, ó bo aṣọ rẹ̀, àmọ́ eyín rẹ̀ funfun báláú nígbà tó rẹ́rìn-ín. Hadassah ń tẹ ìwé fún oníbàárà kan lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbójú sókè, kò sì rántí ibi tó tẹ̀ ẹ́ dé mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wà?"

"Ó wà báyìí. A ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Èlùbọ́ wo lẹ sá sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ yẹn?"

"Oòrùn ni mò ń ká. Àmọ́ ojú ọ̀run ti ṣú láti àárọ̀, mi ò rí nǹkan kan ká."

Ògúnbáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ jọ́gíráfì ni ní ilé ìwé girama kan nílùú Ọ̀fà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ọlidé, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, á máa sùn lọ́nà, á máa ya fọ́tò àwọn afárá àtijọ́. Fóònù rẹ̀ ni kámẹ́rà, òun náà ni máàpù. Bí iná bá tán nínú rẹ̀, ìrìn àjò náà ti dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn.

"Afárá ò kúkú lè sá," Hadassah wí. "Kí lẹ ń lé e kiri fún?"

Ọ̀rọ̀ náà pa Ògúnbáyọ̀ lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti ń ṣájì. Fóònù á kún tán, ọ̀gbẹ́ni ò ní dìde. Kò sì pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín àwọn méjèèjì.

Bàbá Ayọ̀dàmọ́lá ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá Hadassah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ayọ̀dàmọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, ti di ẹni ilẹ̀. Orí alùpùpù ni ọmọ náà ti bá ọ̀nà lọ. Bàbá jókòó sílé, ó ń pe fóònù rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò mọ̀ pé òkú lòun ń pè. Ẹni tí kò bá ṣẹlẹ̀ sí kò lè mọ bó ṣe ń dunni tó.

Nígbà tí Ògúnbáyọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ láti tọrọ Hadassah, Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, kò sì mẹ́nu ba Ògún tí wọ́n ń bọ nílé bàbá rẹ̀.

"Ọ̀nà tí ò ń tọ̀ yìí náà ló gba ọmọ mi," ló wí. "Mi ò ní kí o má gun kẹ̀kẹ́. Àmọ́ bí o bá wà lọ́nà, kí n máa gbọ́ ohùn rẹ kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ ọ, má wulẹ̀ wá kí mi mọ́. Mi ò lè fi Hadassah fún ẹni tí a óò máa wá kiri."

Ògúnbáyọ̀ gbà. Ó de dáínámò mọ́ táyà iwájú: bí táyà bá ti ń yí, iná á máa wọ páwà báǹkì. Oòrùn fún ọjọ́ tó mọ́, ẹsẹ̀ fún ọjọ́ òjò. "Ẹsẹ̀ mi ni jẹnẹrétọ̀ mi," á wí fún Hadassah. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá wà lọ́nà, á kọ́kọ́ pe Bàbá, á sì wá pe olólùfẹ́ rẹ̀.

"Ọkàn mi, ṣé o ti jẹun?"

"Ìwọ tó wà nínú igbó ló yẹ kí n bi."

Ìrìn àjò Jẹ́bbà ni nǹkan ti yíwọ́. Bó ṣe ń bọ̀, òjò kò dá. Ìrọ̀lẹ́ kan dé, ìpè kò wọlé. Bàbá pè é, kò lọ. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ láìjẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Hadassah dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, fóònù létí. Ìbráhìm ọlọ́kadà, tó mọ àwọn méjèèjì dáadáa, ń gbé èrò bọ̀ láti Ilemona. Èrò náà ń kán an lójú, kò lè dúró.

"Ẹ má pè é mọ́!" ló kígbe bó ṣe ń kọjá. "Ó ti kú! Láti àná ló ti kú ní Ilemona!"

Bí Hadassah ṣe délé, kò mọ̀. Ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà ju bó ṣe sọ fún un rí lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún jù.

Bàbá gbọ́, ó dìde, ó wọ bàtà. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Ti Ayọ̀dàmọ́lá, ilé ni mo jókòó sí tí mo ń pè é," ló wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èyí, n óò lọ gbé e."

Òun àti Hadassah kọjá Ijagbo. Ní Ilemona, wọ́n bi obìnrin kan tó ń ká aṣọ lórí okùn.

"Oníkẹ̀kẹ́? Ó wà ní pápá ilé ìwé. Láti àárọ̀ ló ti ń yí nǹkan níbẹ̀. A ní kó sinmi, ó kọ̀."

Ní pápá, Ògúnbáyọ̀ jókòó sínú koríko, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ti dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó ń fi ọwọ́ yí táyà iwájú, ó ń yí i, ó ń yí i. Hadassah fẹ́ pariwo, Bàbá dì í lọ́wọ́ mú, nítorí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sétí ni.

Fóònù dún lápò Bàbá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kòtò gbé mi ṣubú lánàá, ṣéènì já, páwà báǹkì mu omi, fóònù sì kú. Kò síná níhìn-ín, ọwọ́ ni mo fi yí dáínámò kí iná tó wọ fóònù, mi ò sì mọ nọ́ḿbà yín lórí. Mo ní kí Ìbráhìm sọ fún Hadassah pé fóònù ti kú. Mo mọ̀ pé mo ti ba ìlérí jẹ́. Kí ẹ ṣáà gbọ́ ohùn mi ni."

Hadassah fọwọ́ bo ẹnu. Fóònù! Fóònù ni Ìbráhìm ń wí!

"Mo gbọ́ ọ," Bàbá dáhùn sínú fóònù. "Oòrùn kò tíì wọ̀. Wẹ̀yìn wò, ọmọ mi."

Hadassah ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó yíjú tán. Ó wólẹ̀ tì í, ó mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ti bó, ó fi wọ́n bo ojú ara rẹ̀. "O ò kú," ló ń wí ṣáá. "O ò kú."

Bàbá tẹ̀ lé e wá jẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà dìde fúnra rẹ̀.

"Sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n wá rí mi," ló wí.

"Nígbà wo, sà?"

"Lọ́la. Kí oòrùn tó wọ̀."