Wọ́n Ní Kí Caiyue Tẹ̀ka Fi Ilẹ̀ Rẹ̀ Sílẹ̀

Ẹni tó bá ti sin kòkòrò sẹ́dà rí mọ̀ pé ìgbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n máa ta òwú ni wọ́n máa ń jẹun jù. Ẹni tó ni wọ́n kì í ráyè jókòó nígbà náà. Ewé ni tàárọ̀, ewé ni tọ̀sán. Bí o bá dúró sínú ilé kòkòrò, wàá gbọ́ ìró ẹnu wọn bí òjò wínníwínní.

Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni Meng Caiyue dúró láàárín ilé kòkòrò rẹ̀ ní abúlé Banlie, tó ń wo apẹ̀rẹ̀ ewé kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù. Ewé igi sang ni, kòkòrò sẹ́dà kì í sì í jẹ òmíràn.

"Màámi, ewé yìí ò ní kọjá ọ̀sán," ló sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń bu ẹ̀kọ àgbàdo sínú abọ́. "Lọ já òmíràn wá."

"Níbo? Ṣé ẹ ti gbàgbé okùn ni?"

Ìyá ò gbàgbé. Ta ló lè gbàgbé okùn tí wọ́n ta yí oko ẹni ká?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti lóye. Caiyue ti lọ sílé ọkọ nígbà kan rí, ní ìlú Liuzhou. Ìgbéyàwó náà dàrú, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó padà sílé. Ilẹ̀ kan wà tí abúlé ti pín fún un nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge nílé bàbá rẹ̀. Orí rẹ̀ ló gbin igi sang sí, ohun tó ń tibẹ̀ jáde ló sì fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ kan fẹ́ yá ilẹ̀ àjọni abúlé, wọ́n sì ní kí abúlé kọ́kọ́ sọ àwọn tó ni ilẹ̀ náà. Àwọn olórí agboolé pàdé, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá ti relé ọkọ kò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ì báà padà wálé, ì báà má padà. Ni wọ́n bá ta okùn yí oko Caiyue ká.

"Ọmọbìnrin tó relé ọkọ, omi tí a dà síta ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn kí wọ́n tó bí mi."

"Màámi, ẹ̀yin náà?"

"Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Jókòó, kí o mu ẹ̀kọ."

Kò tíì jókòó tí Bàbá Qin, alága abúlé, fi wọlé. Èèyàn burúkú kọ́ ni Bàbá Qin. Ó wà lára àwọn tó gbé òkú bàbá Caiyue dé orí òkè, kò sì sí ẹni tó bí ọmọ ní Banlie tí kò yà kí. Ó jókòó lórí àpótí, ó gba abọ́ ẹ̀kọ, ó mu ún tán kó tó fa bébà kan yọ, pẹ̀lú agolo tádà pupa kékeré.

"Caiyue, mo mọ̀ pé kòkòrò rẹ ti dé orí jẹun-jẹun. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú. Ìwé yìí sọ pé ìwọ fúnra rẹ lo yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Tẹ ìka rẹ síbẹ̀, mo máa lọ tú okùn ní ìsinsìnyí. Wàá máa já ewé títí wọn á fi ta òwú tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ di ti abúlé."

"Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́, Bàbá?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Gbogbo agboolé ló nawọ́. Mi ò lè dá gbogbo wọn lọ́wọ́ kọ́."

"Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi," ni ìyá wí jẹ́jẹ́. "Má jẹ́ ká di ẹni tí wọ́n ń nàka sí."

Caiyue yíjú wo àwọn kòkòrò. Àwọn tó ti jẹ tiwọn tán ti ń gbórí sókè, wọ́n ń wá ewé kiri. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò sì yọ kòkòrò sílẹ̀. Bí wọ́n bá kú, gbogbo làálàá rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jáde nínú ẹyin di òfo nìyẹn. Ó na ọwọ́, ó ki àtàǹpàkò bọ inú tádà.

"Àǹtí mi, ẹ wá wo àlejò tí mo gbé wá."

Wei Xiuzhen, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ló ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ Xiuzhen ń ṣiṣẹ́ ní Guangdong, òun nìkan ló ń mójú tó oko àti kòkòrò tiwọn. Obìnrin onígíláàsì kan tó gbé báàgì kọ́ èjìká ń tẹ̀ lé e bọ̀.

Tíṣà Ou ni. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni, ní Nanning. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí bí òfin àti ètò ọrọ̀ ajé ṣe ń kan àwọn obìnrin abúlé: ta ni wọ́n kà mọ́ ọmọ onílẹ̀, ta ni wọn ò kà. Nígbà tó kọ́kọ́ wá sí Banlie, wọ́n fi ṣẹlẹ́yà títí. Wọ́n ní obìnrin wo ni ìjọba ń sanwó fún kó lè máa bi èèyàn ní iye ìgbà tó já ewé. Ilé Xiuzhen ló ń sùn, ẹ̀kọ Xiuzhen ló ń mu. Bàbá Qin ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè.

"Ìyá Ìbéèrè ti dé," ni Bàbá Qin wí. "Èwo ló kù tẹ́ ò tíì bi wá?"

"Ó ku ẹyọ kan, Bàbá. Kí ló ń bẹ níka Caiyue tó pupa báyìí?"

Wọ́n ro ẹjọ́ fún un. Tíṣà Ou gbọ́ ọ láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n parí, ó yíjú sí Caiyue.

"Nígbà tí o relé ọkọ ní Liuzhou, ṣé wọ́n kà ọ́ mọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ níbẹ̀?"

"Ilẹ̀ kẹ̀? Orí àjà karùn-ún là ń gbé. Àfi tí mo bá gbin sang sínú báàfù."

Xiuzhen rẹ́rìn-ín. Bàbá Qin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kó ara rẹ̀ níjàánu.

"Ṣé wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò nínú agboolé yín níbí rí?"

"Wọn ò yọ ọ́ rí."

"Ó dáa. Bàbá Qin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò. Òfin tuntun lórí ilẹ̀ àjọni abúlé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá wà lára àwọn tó ni ín kì í pàdánù ipò rẹ̀ torí pé òun àti ọkọ kọ ara wọn sílẹ̀, tàbí torí pé ọkọ kú, tàbí torí pé ó lọ ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn. Ó tún ní bí obìnrin bá relé ọkọ, tí ibi tó lọ kò sì tíì gbà á mọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ níbẹ̀, abúlé tó ti wá kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò."

"Ṣùgbọ́n a dìbò," ni Bàbá Qin wí. "Ọwọ́ tó nà sókè pọ̀."

"Mo gbà pé ó pọ̀. Abúlé lè dìbò lórí ẹni tí ẹ máa yá ilẹ̀ fún, lórí ohun tí ẹ máa fi èrè rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí iye ọwọ́ tó lè nà sókè tó lè gba ohun tí òfin fún ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá Qin ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara. "Èmi ò gbọ́ èyí rí o. Bá a ṣe bá a nílẹ̀ la ṣe ń ṣe é."

"Ìwé yìí wá ńkọ́?" ni Caiyue bi í. "Ká ní mo tẹ̀ ẹ́?"

"Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Òfin gbà kí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda ipò rẹ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ìwọ lo fà á lé wọn lọ́wọ́. Wàá ní wọ́n fi ebi kòkòrò fún ọ lọ́rùn ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kó tó yé wọn. Má tẹ ohun tí ọkàn rẹ kò fẹ́."

Caiyue mí kanlẹ̀. "Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òfin yín kì í já ewé. Kí ló máa bọ́ àwọn wọ̀nyí títí dọ̀la?"

Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu, Tíṣà pàápàá mọ̀.

Xiuzhen ló la ẹnu. "Ṣé àwọn kòkòrò tèmi ò ṣì kéré ni? Ẹ wá já ewé oko mi, àǹtí mi."

"Tí tìẹ bá wá dàgbà, tí ewé ò tíì rú padà ńkọ́?"

"Tó bá dìgbà yẹn, èmi náà á wá ẹni tí màá bẹ̀. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ jàre, àwọn ọmọ yín ń sunkún."

Ojú ti Caiyue. Nígbà tí wọ́n gbé Xiuzhen wọlé ní ìyàwó, Caiyue wà lára àwọn tó ń sọ pé ọwọ́ ìyàwó náà falẹ̀ bí ìgbín. Ọwọ́ tó falẹ̀ yẹn ló wá na ewé sí i yìí, nígbà tí gbogbo ọwọ́ tó yá ní abúlé nà sókè láti lé e. Ó mú ewé kan nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi nu tádà kúrò níka.

Bàbá Qin ká bébà rẹ̀. "Ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì ìjọba agbègbè," ló wí. "Tí wọ́n bá ní mo ṣìṣe, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mi ò lè dá a tú."

Wọ́n lọ. Lójú ọ̀nà, Tíṣà Ou sọ fún Caiyue pé, "Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ o. Èmi á jókòó tì ọ́." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Caiyue kọ́kọ́ rọra ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ geere. Obìnrin òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́tí sí i dáadáa. Ó ní ìjọba agbègbè lágbára láti sọ pé kí abúlé tún ìpinnu tó ta ko òfin ṣe, àti pé bí wọ́n bá kọ̀, ọ̀nà ìlàjà wà, ilé ẹjọ́ náà sì wà. Ó ní òun á wá sí Banlie fúnra òun.

Ó sì wá. Ibi tí wọ́n ń sá àgbàdo ni gbogbo abúlé kóra jọ sí. Òṣìṣẹ́ náà là á yé wọn bí Tíṣà ṣe là á. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé omi tí a ti dà síta kì í padà sínú ìkòkò.

"Omi tí ẹ dà síta, ṣebí orí ilẹ̀ wa náà ló dà sí," ni Xiuzhen fèsì. "Kí ló mú ewé hù, bí kì í bá ṣe omi? Àbí ká nawọ́ ká wò ó, pé kí ọgbà Bàbá Qin di tèmi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ nawọ́."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn kan nawọ́ lóòótọ́, láti fi bàbá náà ṣeré. Bàbá Qin wo àwọn ọwọ́ náà, ó mi orí. "Ó ti yé mi," ló wí. "Tí ọwọ́ yín bá lè gba ti Caiyue, ó lè gba tèmi náà."

Lẹ́yìn náà ni ìyá Caiyue dìde. "Èmi ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́," ló wí. "Omi ni wọ́n pe èmi náà nígbà tí mò ń relé ọkọ. Mo gbà á fún wọn. Ọmọ mi ò gbà á, mo sì dúpẹ́ pé kò gbà á."

Wọ́n tún ìpinnu ṣe níbẹ̀. Orúkọ Caiyue wọlé, ti àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n yọ bíi tirẹ̀, tí wọn kò lè sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, náà sì wọlé. Bàbá Qin fúnra rẹ̀ ló lọ tú okùn, kò rán ẹnikẹ́ni; ewé Xiuzhen ló sì gbé àwọn kòkòrò Caiyue dé ìgbà náà.

Ọjọ́ tí Tíṣà Ou fẹ́ padà sí Nanning, Caiyue di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́," ni Tíṣà wí. "Ṣé o rántí pé mo bi ọ́ lọ́jọ́ kan nínú oko, kí òfin yìí tó dé, pé kí lo ń bẹ̀rù? O ní o ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé o kì í ṣe ọmọ ibí mọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin sọ irú rẹ̀ fún mi lábúlé mìíràn, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn olùwádìí mìíràn, a sì ń kọ ọ́, a ń gbé e jáde, títí àwọn tó ń ṣòfin fi gbọ́. Ohùn yín wà nínú òfin yẹn, Caiyue. Ẹnu yín la ti gbọ́ ọ."

Caiyue sunkún, kò sì fi pamọ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ jẹ́ kí ìtàn yìí ṣe wá láǹfààní. Bí wọ́n bá ní kí o tẹ̀ka sí ìwé, pàápàá nígbà tí ebi tàbí ìdààmú bá dé, dá ọwọ́ dúró ná, kí o béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà. Má rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti fọwọ́ sí ti di òfin. Lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó sún mọ́ ọ, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ̀rọ̀ rẹ. Bí olùwádìí bá wá bi ọ́ léèrè bí nǹkan ṣe rí fún ọ, tó sì fi ẹni tó jẹ́ hàn ọ́, má fi ṣẹlẹ́yà. Sọ òótọ́ fún un, torí o ò mọ ẹni tí ìdáhùn rẹ máa gbà là.

Bí kò bá sì jẹ́ ìwọ ni wọ́n ta okùn yí oko rẹ̀ ká, bí ó bá jẹ́ aládùúgbò rẹ ni, fún un ní ewé. Òfin ló dá ilẹ̀ Caiyue padà, ṣùgbọ́n ewé Xiuzhen ló jẹ́ kó lè dúró títí òfin fi dé.